Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí ọ̀rọ̀ púpítì

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ lórí fóònù lálẹ́ àná, àmọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ kò jẹ́ kí n dá ọ lóhùn bó ṣe yẹ, ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. O kú oríire. Inú mi dùn gidigidi pé ìwọ ni wọ́n yàn láti wàásù ní Ọjọ́ Ìsinmi Àwọn Ọ̀dọ́. Bàbá rẹ ti ròyìn rẹ̀ ká àdúgbò kí oòrùn tó yọ.

Ìbéèrè tí o bi mí, bóyá kí o dúró lẹ́yìn púpítì tàbí kí o gba máìkì kí o máa rìn níwájú ìjọ, kì í ṣe ìbéèrè kékeré lójú mi. Àwọn kan á ní kí ló kan ibi ìdúró nínú ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ó kàn án. Mo ti jókòó síbi ìwàásù tó dára tí ìdajì ìjọ kò bá oníwàásù dé ibi kankan, nítorí pé wọn kò rí i, tàbí nítorí pé ìrìn rẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Ìdí méjì lo sọ fún mi. Ìwọ fẹ́ púpítì nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ máa ń gbọ̀n, o sì fẹ́ rí nǹkan dì mú. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí o gbé e kúrò, pé àwọn oníwàásù òde òní kì í lò ó mọ́, pé ẹni tó bá dúró sójú kan ń mú ìjọ sùn ni. Nínú ìdí méjèèjì, kò sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ara rẹ nìkan ni ìwọ ń rò, àwọn tó wà lórí YouTube ni ẹ̀gbọ́n rẹ ń rò. Ta ló ń ro ti ìyá àgbà tó máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn lọ́jọ́ náà, tí etí rẹ̀ ti ń wúwo, tó jẹ́ pé ẹnu oníwàásù ló ń wò kó tó mọ ohun tó ń sọ? Ọ̀dọ̀ ìyá yẹn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.

Lúùkù orí 4 tí wọ́n fún ọ gan-an ní ẹ̀kọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Tún ẹsẹ 16 sí 20 kà. Olúwa wa dìde dúró láti kàwé. Wọ́n fún un ní ìwé wòlíì Aísáyà, ó ṣí i, ó wá ibi tó fẹ́ kà, ó kà á. Ó pa ìwé náà dé, ó dá a padà fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó jókòó, ìgbà náà ló tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, nítorí pé ìjókòó ni olùkọ́ fi ń kọ́ni láàárín wọn. Dídúró fún kíkà, jíjókòó fún àlàyé. Lúùkù kò sì gbàgbé láti sọ fún wa pé gbogbo àwọn tó wà nínú sínágọ́gù tẹjú mọ́ ọn. Ní orí 5 ẹ̀wẹ̀, nígbà tí èrò ń fún un mọ́ létí omi, ó wọ ọkọ̀ Símónì, ó ní kó tì í kúrò létí ilẹ̀ díẹ̀, ó jókòó sínú rẹ̀, ó sì ń kọ́ wọn láti ibẹ̀. Kò sí púpítì kankan níbẹ̀. Àmọ́ ó wá ibi tí gbogbo èrò yẹn ti lè rí i, tí wọ́n sì lè gbọ́ ọ.

Ti Ẹ́sírà nínú Nehemáyà orí 8 ṣe kedere ju ìyẹn lọ. Wọ́n fi igi kan ibi gíga kan fún un nítorí ìwé kíkà ọjọ́ yẹn, ó sì kà á níwájú ẹnu bodè omi láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Bíbélì ní ó ga ju gbogbo ènìyàn lọ, àti pé nígbà tó ṣí ìwé náà lójú wọn, gbogbo wọn dìde dúró. Igi yẹn gbé e sókè kí wọ́n lè rí i ni, kò bò ó mọ́lẹ̀. Ìwọ wá wo púpítì ńlá tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì yín. Mo rí i nígbà tí mo wá síbi ìkórè yín. Pákó tó nípọn ni, wọ́n gbẹ́ àgbélébùú sí i níwájú, géńdé gíga ni wọ́n sì kàn án fún. Bí ìwọ bá dúró lẹ́yìn rẹ̀, láti àgbọ̀n rẹ sókè nìkan ni ìjọ máa rí. Ojú lọ̀rọ̀ wà, Àbẹ̀kẹ́. Bí ojú rẹ bá sá pamọ́ fún àwọn tó ń gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ náà á bá a sá pamọ́.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí o lo púpítì, ṣùgbọ́n kí o kọ́kọ́ rí i pé ó bá ọ mu.

Bá Pásítọ̀ yín sọ̀rọ̀ kí o tó ṣe ohunkóhun. Méjì ló wà níwájú lọ́dọ̀ yín bó ṣe wà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì: ńlá tó wà láàárín, tí Pásítọ̀ ti ń wàásù, àti kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí akọ̀wé ti ń ka ìfilọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Áńgílíkà ìyàtọ̀ yìí ti pẹ́, ibi tí wọ́n ti ń ka Bíbélì, tí wọ́n sábà máa ń gbẹ́ ní àwòrán ẹyẹ idì tó na ìyẹ́, yàtọ̀ sí àga ìwàásù. Àwa Onítẹ̀bọmi gbé tiwa sí àárín gbùngbùn nítorí pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run la fẹ́ kí gbogbo ojú máa wò. Àwọn ìjọ kan sì wà tí wọn kì í fẹ́ kí ẹni tí a kò gbọ́wọ́ lé lórí, pàápàá obìnrin, dúró sí èyí ńlá. Èmi kò gbà pé ìwà mímọ́ kankan wà nínú pákó tí káfíńtà kàn, ìwé tí a gbé lé e lórí ni mo ń bọ̀wọ̀ fún. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí o lo kékeré, má ṣe jẹ́ kó dùn ọ́. Òun gan-an ni mo fẹ́ fún ọ. Ó fúyẹ́, kò ga, ojú rẹ àti ọwọ́ rẹ á hàn, ó sì ṣeé gbé sún mọ́ ìjọ. Bí Pásítọ̀ bá ní ńlá ni kí o lò, sọ fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé o nílò ohun tí o máa dúró lé. Má ṣe gbé àpótí ìjókòó síbẹ̀ o. Kí káfíńtà kan pákó tó fẹ̀ dáadáa, tí ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì máa balẹ̀ lé, tí kò sì ní máa mì. Bàtà pẹlẹbẹ ni kí o wọ̀ lọ́jọ́ náà.

Tó o bá dé ibẹ̀, gbé Bíbélì lé e, kí o dúró ṣánṣán, kí o ka gbogbo ẹ̀kọ́ Lúùkù náà títí dé ẹsẹ 30 láìkánjú. Má ṣe fi ìgbónwọ́ tì í, má sì di etí rẹ̀ mú bí ẹni tó wà lẹ́yìn ọ̀kadà lójú ọ̀nà gbágungbàgun. Nígbà tí àlàyé bá bẹ̀rẹ̀, yọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kan, ibi tí o ṣì ti lè wo ìwé rẹ. Ìyẹn ti tó fún ọ̀pọ̀ nínú ìwàásù náà. Ibì kan ṣoṣo ni mo máa fẹ́ kí o ti kúrò níbẹ̀ pátápátá, ẹsẹ 28, nígbà tí àwọn ará Násárẹ́tì tó ń yin Jésù ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà tí inú wọn ru. Sún mọ́ ìjọ níbẹ̀, kí o bi wọ́n ní ohun tí àwa náà máa ṣe bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá kàn wá. Bí o bá ti ń rìn kiri láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn kò ní mọ̀ pé o sún mọ́ wọn.

Ìdí mìíràn wà tí n kò fi fẹ́ kí o máa rìn. Èdè méjì ni ẹ fi ń ṣe ìsìn. Bí o bá ń lọ sí ọ̀tún, ẹni tó ń túmọ̀ fún ọ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ọ. Bí o bá yí padà lójijì, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ forí gbárí. Èyí tó ń gbọ́ Yorùbá kò ní mọ ẹni tí òun máa wò mọ́. Kí òun náà dúró sójú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, kí o sì máa parí gbólóhùn rẹ kó tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Máìkì aláìníwáyà sì máa ń han fíín bí èèyàn bá gbé e kọjá níwájú spíkà. Bí wọ́n bá fún ọ ní èyí tí wọ́n máa ń há mọ́ aṣọ, bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ sílé, nítorí bó bá ń kàn án, gbogbo ìjọ ló máa gbọ́ ọ. Èyí tó wà lórí púpítì, tẹ ọrùn rẹ̀ wálẹ̀ kó má bo ẹnu rẹ. Rántí ìyá àgbà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ máa sọ pé àwọn ẹni ńlá wàásù láìsí púpítì. Òótọ́ ni. Agogo àti Bíbélì ni wòlíì Ayọ̀ Babalọlá fi ń jáde, a sì mọ ìsọjí ńlá tó ṣẹlẹ̀ ní Iléṣà lọ́dún 1930. Spurgeon, oníwàásù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ Onítẹ̀bọmi bíi tiwa, kò fẹ́ àga ìwàásù tó dà bí àpótí rárá. Nínú ilé ìsìn ńlá tí wọ́n ṣí ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1861, orí pèpéle gbòòrò tó ní irin yí ká ló ti ń wàásù. Lọ́dún 1742, nígbà tí wọn kò jẹ́ kí John Wesley, tó dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, wàásù nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní ìlú rẹ̀, Epworth, orí ibojì bàbá rẹ̀ níta ló dúró sí tó ti bá èrò sọ̀rọ̀. Àmọ́ bi ẹ̀gbọ́n rẹ léèrè ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Èrò ló pọ̀, tàbí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ wọn, tàbí ohun tó wà níbẹ̀ ń dí wọn lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó ṣe é nínú wọn nítorí pé ó wà lóde. Bí wọ́n bá ní kí o bá àwọn ọmọdé sọ̀rọ̀, tàbí kí o jẹ́rìí ìṣẹ́jú mélòó kan ní ìpàdé àdúrà inú ilé, èmi náà á ní kí o gbàgbé púpítì, kí o lọ jókòó láàárín wọn.

Ní ti ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n, igi kò lè wò ó sàn. Mọ gbólóhùn mẹ́ta àkọ́kọ́ rẹ sórí, kí o mọ gbólóhùn tí o máa fi parí náà sórí. Bí o bá ti mọ bí o ṣe máa wọlé àti bí o ṣe máa jáde, ara rẹ á balẹ̀ láàárín. Kọ àkọsílẹ̀ rẹ gàdàgbà-gàdàgbà sí ojú kan ìwé, fi nọ́ńbà sí i, má lẹ̀ wọ́n pọ̀. Mo ti rí i tí fáànù gbé ìwé àlejò oníwàásù kan káàkiri pẹpẹ, tí àwọn díákónì ń bẹ̀rẹ̀ mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì rí okùn ọ̀rọ̀ náà mú padà mọ́. Fi Bíbélì tẹ tìrẹ mọ́lẹ̀. Má gbára lé fóònù, ojú rẹ̀ máa ń ṣókùnkùn nígbà tí èèyàn nílò rẹ̀ jù, ìpè sì lè wọlé.

Lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí àwọn akọrin bá ti parí ìdánrawò, tí máìkì ṣì wà ní títàn. Jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá, kó sọ fún ọ bóyá òun rí ẹnu rẹ. Dán púpítì kékeré wò, dán ńlá wò, kí o sì mú ẹni tó máa túmọ̀ dání bó bá lè wá.

Pe Pásítọ̀ yín lónìí. Bó bá jẹ́ ńlá ni wọ́n sọ, wọn gíga rẹ̀ àti bó ṣe fẹ̀ tó, kí o fi ránṣẹ́ sí wa kó tó di Ọjọ́bọ̀. Bàbá rẹ ní òun máa san owó pákó àti owó iṣẹ́ káfíńtà, àti pé kó wà níbẹ̀ fún ẹni kúkurú mìíràn tó bá tún máa wàásù lẹ́yìn rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ