Sí Àbẹ̀kẹ́, Lórí Èròjà Nánò Tí Ó Fẹ́ Fi Ṣe Ìwòsàn

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Inú mi dùn pé èròjà nánò, ègé tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí, ni o yàn fún iṣẹ́ ìwádìí rẹ, irú èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ irin tàbí wúrà, tí wọ́n sì fi èròjà tó jẹ mọ́ ṣúgà tàbí ọ̀rá bò lára. Iṣẹ́ yíya àwòrán inú ara ni mo ń ṣe jẹun, mo sì ti rí agbára rẹ̀. Bí a bá fa èyí tó ní irin sí aláìsàn lára, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀dọ̀ tó dá ṣáká á gbé e mì, ẹ̀dọ̀ á sì dúdú nínú àwòrán MRI, èyí tí a ń fi agbára òòfà yà. Ṣùgbọ́n ojú ibi tí jẹjẹrẹ wà, tí kò ní irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, á funfun yàtọ̀.

Síbẹ̀, kí o tó bèèrè bí èròjà rẹ yóò ṣe wọ inú ara, bèèrè bí yóò ṣe jáde. Láàrin 1930 sí 1950, àwọn dókítà ń fa Thorotrast sínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn kí àwòrán lè mọ́. Èròjà thorium, irin kan tó ń tú ìtànṣán olóró jáde, ni inú rẹ̀, dextrin, tó jẹ mọ́ ṣúgà, ni wọ́n fi pò ó, àwòrán rẹ̀ sì dára gan-an. Àmọ́ thorium náà jókòó sínú ẹ̀dọ̀, ìtànṣán rẹ̀ ń bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí tí jẹjẹrẹ fi yọ lára ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́yìn ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe ìkà ni àwọn dókítà náà; àwòrán ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ti ferumoxytol yàtọ̀, oògùn èròjà nánò onírin tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2009 fún àìtó ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àìsàn kíndìnrín, nítorí pé ara a máa tú irin inú rẹ̀, á sì fi ṣe ẹ̀jẹ̀. Òun náà gba ìkìlọ̀ tó le jù ní 2015, torí pé ara àwọn kan lè kọ̀ ọ́ débi ikú. Wúrà ní tirẹ̀ kì í tètè yòrò. Bí òun ni o bá yàn, jẹ́ kí ó kéré tó èyí tí kíndìnrín lè sẹ́ jáde, ìyẹn bíi nánòmítà 5 tàbí 6 (nánòmítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan mítà).

Wọn yóò sọ fún ọ pé inú jẹjẹrẹ ni èròjà náà ń lọ tààrà. Ní 2016, àwọn onímọ̀ kan kó àbájáde ìwádìí ọdún mẹ́wàá jọ, wọ́n sì rí i pé bíi ìdá 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí a fà sára ẹranko ló ń dé ibẹ̀. Ibo ni ìyókù wà? Ó lè jẹ́ inú ẹ̀dọ̀ ni ó jókòó sí. Nítorí náà, nínú àbá iṣẹ́ rẹ, má ṣe fi àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ eku mọ sí ọjọ́ kejì. Fi ti oṣù kẹfà kún un, kódà bí ọ̀gá rẹ bá ní ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn.

Èmi ni bàbá rẹ.