Òrùlé Gwoździec kì í ṣe ayédèrú

Sí Olóòtú,

Àwọn kan gbà pé òkúta ìrántí nìkan ló yẹ àwọn Júù tí wọ́n pa run ní Yúróòpù, wọ́n sì ń pe ohun tí a bá tún kọ́ ní ayédèrú. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹ wo Gwoździec, ìlú kékeré tó wà ní Ukraine lónìí. Sínágọ́gù onípákó tó wà níbẹ̀ jóná nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Ogun Kejì sì wá gbá àwọn Júù ìlú náà lọ. Fọ́tò àti àwòrán tí àwọn onímọ̀ ti yà ṣáájú ló ṣẹ́kù.

Àwọn yìí ni wọ́n tẹ̀ lé nígbà tí wọ́n tún òrùlé rẹ̀ kọ́ fún POLIN, Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ìtàn àwọn Júù Póláńdì, ní Warsaw. Lọ́dún 2011, ní ìlú Sanok ní Póláńdì, àáké àti ayùn ọwọ́ ni àwọn káfíńtà àti akẹ́kọ̀ọ́ fi gbẹ́ ìtì igi, láìlo ẹ̀rọ ìgbàlódé (ẹni tó bá ti la igi rí yóò mọ ohun tí ìyẹn ná wọn). Lẹ́yìn náà, nínú àwọn sínágọ́gù àtijọ́ káàkiri Póláńdì, wọ́n po ọ̀dà mọ́ gọ́ọ̀mù tí a fi awọ ehoro sè, wọ́n sì kun àwọn kìnnìún, òdòdó àti idì olórí méjì inú àjà náà, títí kan orúkọ Israel ben Mordechai, ọ̀kan lára àwọn tó kun ti àkọ́kọ́ ní 1729. Ọwọ́ tó tún iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe báyìí ti kọ́ ohun tí òkúta kò lè kọ́ni.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn