Ta Ló Ń Lù, Ta Ló Ń Wò?
Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-àgùntàn fún Ọ̀sẹ̀ Yìí

Bíbélì kíkà: 1 Kíróníkà 25:1–8

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú ọjọ́ Ìsinmi, ẹ sì kú ìpalẹ̀mọ́ ìkórè.

Ẹni tó bá ń kánjú á fo orí Bíbélì yìí, torí orúkọ ló kún inú rẹ̀. Ẹ dúró lórí ẹsẹ 7. Dáfídì ò kàn ní kí orin wà nínú ilé Olúwa, ó ka àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ. Wọ́n jẹ́ 288, ìyẹn ọ̀wọ́ 24, ènìyàn 12 nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Hémánì, ọ̀kan nínú àwọn olórí akọrin náà, nìkan bí ọmọkùnrin 14 àti ọmọbìnrin 3, abẹ́ ọwọ́ bàbá wọn ni wọ́n sì ti kọ́ iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ṣẹ́ kèké, àti kékeré àti àgbà, àti olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Òǹwòran kankan ò sí nínú iye yẹn.

Ìjọ wa náà fẹ́ ka tirẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, fọ́ọ̀mù kan máa dé ọwọ́ àwọn kan nínú wa, tí yóò béèrè ohun tí kálukú fi ohùn tàbí ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nínú iṣẹ́ ọnà àti àṣà.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti ń ṣe é tipẹ́. Ní Amẹ́ríkà, National Endowment for the Arts, àjọ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ ọnà, ti ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti pé ọdún 18 láti 1982. Ohun méje ni wọ́n fi ń wọn ọdún kan mọ́ òmíràn: láàárín oṣù 12, ǹjẹ́ o lọ síbi orin jáàsì, orin kíláásíkà, ọ́pẹ́rà, eré ìtàgé olórin, eré ìtàgé aláìlórin, ijó bálẹ̀ẹ̀tì, tàbí ilé ìṣàfihàn àwòrán? Ìwé wọn ní ìbéèrè mìíràn o, títí kan ohun tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Àmọ́ ẹ gbé ohun méje yẹn wá sí Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n tàbí Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, kí ẹ wo ohun tí yóò jáde. Òfo ni! Ìyá tó ti ń kọ ohùn àlítò nínú kọ́yà láti ìgbà ọmọge, bàbá tó ń hun òfì, ọmọ Àyàn tó ń fi ìlù sọ̀rọ̀ ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, "rárá" ni gbogbo wọn máa kọ síbẹ̀. Ìdí nìyí tí a ò fi lè yá ìbéèrè ẹlòmíràn lò.

Ìkéde Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti 1948, ní abala 27, sọ pé gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ láti kópa fàlàlà nínú àṣà àwùjọ rẹ̀ àti láti gbádùn iṣẹ́ ọnà. Òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 21, sì ní kí ìjọba dáàbò bo àwọn àṣà tó ń gbé iyì ènìyàn ga. Ohun tí ojú wa sábà máa ń rí ni ọdún ńláńlá. FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú àgbáyé, wáyé ní Èkó àti Kàdúná, láti 15 oṣù kìíní sí 12 oṣù kejì, 1977. NAFEST, ọdún àṣà gbogbo Nàìjíríà, ti wà láti 1970, tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń kó àwọn oníjó àti onílù tirẹ̀ lọ. Mi ò lòdì sí i, ó dára. Àmọ́ àwọn tí wọ́n yàn ló ń lọ, àwa tó kù ń wò wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ilé ìjọsìn ni ará ìlú lásán ti ń kọrin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìsanwó ìwọlé. Kódà, ìjọ Aládùúrà kan ní Èkó ni Hubert Ògúndé ṣe eré orí ìtàgé rẹ̀ àkọ́kọ́ fún ní 1944. Dúró Ládiípọ̀ kọ orin Àjíǹde fún ìjọ kan ní Òṣogbo ní 1961, ó fi ìlù ilẹ̀ wa sí i, inú àwọn kan ò sì dùn. Ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjọ ló pàdánù níbẹ̀, èrò tèmi nìyẹn.

Lónìí, kò sẹ́ni tó ń lé ìlù jáde mọ́. Ńṣe là ń háyà onílù. Tí ìkórè bá dé, a ó sanwó fún wọn, àwọn ọmọ wa á sì na fóònù sókè, wọ́n á máa ya fídíò. Ẹ fún ọ̀kan nínú wọn ní ìyáàlù kí ẹ wò ó. Á gbé e kọ́ èjìká òsì, á fi ọwọ́ òsì fún ọṣán, okùn tó so ojú awọ méjèèjì pọ̀, mọ́ra, kò sì ní mọ̀ pé ó yẹ kí òun tú u sílẹ̀. Ohùn òkè nìkan ni ìlù á máa ké, nítorí ohùn ìsàlẹ̀ kì í jáde àfi tí ọwọ́ bá dẹ̀. Á wá máa fi kọ̀ǹgọ́ lu awọ kíkankíkan, bí ẹni pé líle ló ń mú un sọ̀rọ̀. Gúdúgúdú tàbí kànnàngó ló yẹ kí ọmọdé kọ́kọ́ gbá mú kó tó débi ìyáàlù. Tó bá tún wá gbé ìlù náà sínú búùtù ọkọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, awọ á gbẹ, á ya. Bí òjò bá pa á, awọ á dẹ̀, ohùn á sì rọ̀. Ohun tí ọmọ ilé Àyàn mọ̀ láti kékeré nìyí, tí àwọn ọmọ wa ò mọ̀ torí pé wíwò ni wọ́n ń wò.

Ó wá ku bí a ṣe máa béèrè, ibẹ̀ sì ni irú ìwé yìí ti sábà ń bàjẹ́. Bí a bá ní "Ṣé o fẹ́ràn àṣà Yorùbá?", gbogbo ìjọ á ní bẹ́ẹ̀ ni, pàápàá tó bá jẹ́ olùṣọ́-àgùntàn ló ń béèrè. Nítorí náà, ohun tí ènìyàn ṣe là ń béèrè, pẹ̀lú ìgbà: "Láti ìkórè ọdún tó kọjá títí di òní, ìgbà mélòó lo lu ìlù?" Ìdáhùn mẹ́rin ló wà: kò sí rárá, ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ju bẹ́ẹ̀ lọ àmọ́ kò tó ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. A lo ìkórè ṣe àmì nítorí iyè ènìyàn máa ń fa ohun àtijọ́ súnmọ́ tòsí. Ẹni tó jó níbi ìgbéyàwó ní ọdún méjì sẹ́yìn lè fi gbogbo ọkàn sọ pé èṣí ni.

Ẹ̀ẹ̀mejì la ó béèrè nípa ohun kọ̀ọ̀kan, "mo wò ó" lọ́tọ̀, "mo ṣe é" lọ́tọ̀. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀, ẹni tó jókòó sábẹ́ kánópì tó ń náwó fún onílù á di onílù. A ò sì ní lo "iṣẹ́ ọnà" nìkan nínú ìbéèrè, torí ìyá tó ń ki ọmọ rẹ̀ láràárọ̀ kò ní ka ara rẹ̀ mọ́ akéwì. Ohun tí a kọ síbẹ̀ ni pé: "Ǹjẹ́ o ki ẹnikẹ́ni ní oríkì ilé yín?" Bẹ́ẹ̀ náà ni òfì híhun, aṣọ rírẹ, igbá fínfín, igi gbígbẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ sísín àti eré ọjọ́ Kérésìmesì ṣe ní ìbéèrè tiwọn. Àwọn obìnrin tó ran òwú nínú Ẹ́kísódù 35:25–26 wà nínú àkọsílẹ̀, a ò gbọdọ̀ fo tiwa.

Kì í ṣe ẹni tó bá nawọ́ ni yóò gba fọ́ọ̀mù. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kọ́yà á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á tán. Kèké la ó ṣẹ́, bíi ti ẹsẹ 8. Bí ìwé orúkọ ìjọ bá ní orúkọ 600, tí a sì fẹ́ 100, a ó kọ 1 sí 6 sórí bébà, a ó mú ọ̀kan. Bó bá jẹ́ 4, orúkọ kẹrin, ìkẹwàá, ìkẹrìndínlógún, títí lọ, lẹ́yìn mẹ́fà mẹ́fà. Bí ẹni tí kèké mú ò bá wá, díákónì á lọ bá a nílé. Kí ó má ṣe fún aládùúgbò rẹ̀ dípò rẹ̀, torí ẹni tí kì í ráyè wá náà wà lára ohun tí a fẹ́ mọ̀. Bí 30 nínú 100 bá sì ní àwọn lu ìlù, kí a má lérí pé 30 gééré ni. Nínú gbogbo ìjọ, ó lè jẹ́ 22 nínú 100, ó lè jẹ́ 38 nínú 100.

Àwọn kan á rántí ìkànìyàn tó kó Dáfídì sí wàhálà nínú 2 Sámúẹ́lì 24. Àwọn tó ń fa idà yọ ló kà níbẹ̀, kì í ṣe akọrin. Àwọn kan á sì béèrè bóyá a fẹ́ rán onígbàgbọ́ lọ sí ọdún òrìṣà. Rárá o. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ ọdún Ṣàngó ti Ọ̀yọ́ sínú ìwé àjogúnbá rẹ̀ ní 2023, ìyẹn ọ̀rọ̀ tiwọn. Àmọ́ mi ò gbà pé kí a ju ìlù nù nítorí ibi tí wọ́n ti lù ú rí. Píánò náà ti gbé ilé ọtí rí.

Bí iye àwọn ọ̀dọ́ tó ń "ṣe é" bá kéré, màá bẹ ìgbìmọ̀ díákónì kí a yọ díẹ̀ nínú owó onílù ìkórè, kí a fi gba olùkọ́ ìlù tí yóò máa wá ní ọjọ́ Sátidé.

Kí ẹnikẹ́ni má kọ orúkọ sórí fọ́ọ̀mù. Inú àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì akọ̀wé ìjọ ni kí ẹ jù ú sí. Kí bàálé ilé má dáhùn fún ìyàwó tàbí ọmọ. Ẹni tí ojú rẹ̀ ò gbé ìwé mọ́, kí olùkọ́ kíláàsì Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi rẹ̀ kà á fún un ní kọ̀rọ̀, níbi tí ará ilé rẹ̀ ò ti ní máa gba ọ̀rọ̀ sọ mọ́ ọn lẹ́nu.