Ẹ Fi Sìmẹ́ńtì Ìbèsè Ṣe Ọ̀nà Dé Ìmẹ̀kọ

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àfaradà. Ìmẹ̀kọ ni mo ti ń kọ̀wé yìí sí yín, ìlú ẹ̀bá ibodè orílẹ̀-èdè Benin tí ọ̀pọ̀ ará Èkó kì í rántí àfi bí oṣù Kejìlá bá wọlé. Ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n sin Wòlíì Samuel Oshoffa sí lọ́dún 1985, ẹni tó dá ìjọ Sẹ̀lẹ́ sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní 1947. Gbogbo ọdún Kérésì ni aláṣọ funfun ń ya bò wá láti Nàìjíríà, láti Benin, àti láti òkè òkun. Ẹni tó ní yàrá kan á kó ọmọ rẹ̀ jọ sí pálọ̀, á fi yàrá háyà. Aládùúgbò mi kan wà tó ń ta fùfú àti ọbẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Èrè rẹ̀ ló fi ń san owó ilé ìwé ọmọ méjì.

Àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa kò dára. Lọ́dún tó kọjá, bọ́ọ̀sì tó ń gbé ẹbí ìyàwó mi bọ̀ láti Ayétòrò rì sínú kòtò, inú òkùnkùn ni wọ́n sùn mọ́jú. Ìyá arúgbó kan wà láàrin wọn. Wọn ò padà wá mọ́, mi ò sì lè bá wọn wí.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ilẹ̀ wa yìí kì í ṣe ilẹ̀ òtòṣì. Òkúta tí wọ́n ń lọ̀ di sìmẹ́ńtì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa láti Ewékorò títí wọ Yewa. Láti 1960 ni wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò. Ní 2012 ni ilé iṣẹ́ Dangote ní Ìbèsè ṣí, lónìí ó lè ṣe mílíọ̀nù 12 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Òkúta kan náà yìí ló rìn kọjá ibodè láìgba ìwé ìrìnnà, ó dé Onígbólò lẹ́bàá Pọ̀bẹ̀, níbi tí Nàìjíríà àti Benin ti jùmọ̀ dá ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì sílẹ̀ nígbà kan. Ẹ wá wo ìsàlẹ̀ níhà Ọ̀tà àti Àgbárá, níbi tí wọ́n ti ń ṣe oúnjẹ, ọṣẹ àti gíláàsì. Tírélà ń kó ẹrù jáde láti àgbègbè yìí tọ̀sán tòru. Síbẹ̀, bí wọ́n bá dárúkọ wa nínú ìròyìn, fàyàwọ́ ni.

Fàyàwọ́ wà, mi ò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kí ìwé àdéhùn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tó pín wa ní 1889, Kétu tó bọ́ sí ìhà Benin àti Ìmẹ̀kọ ń fẹ́ra wọn, wọ́n ń sìnkú ara wọn. Títí di òní, bí òkú bá kú ní Kétu, a ó lọ. Nígbà tí ìjọba ti ibodè pa ní oṣù Kẹjọ 2019, ó lé lọ́dún kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i padà. Ní oṣù Kọkànlá 2019, àwọn aṣọ́bodè tún pàṣẹ pé kí ilé epo kankan tó bá wà láàrin 20 kìlómítà sí ibodè má ṣe gba epo mọ́. Kí ni ọlọ́kadà fẹ́ fi ṣiṣẹ́? Kí ni ẹni tó ń lọ gàrí fẹ́ dà sínú ẹ̀rọ? Gbogbo wa la jẹ nínú ìyà tí wọ́n ní àwọn onífàyàwọ́ ni wọ́n fẹ́ fi jẹ.

Mo fẹ́ kí wọ́n wò wá bí ibi tó yẹ kí èèyàn wá. Gẹ̀lẹ̀dé wa, tí àjọ UNESCO kéde ní 2001 pé ohun àjogúnbá gbogbo ayé ni, ṣì ń jáde níbí àti ní Kétu. Ẹni tó bá ti gbọ́ Ẹ̀fẹ̀, orin Gẹ̀lẹ̀dé tí wọ́n ń kọ lóru, rí kò ní bi mí léèrè ìdí tí àwọn àgbà fi ní ojú tó ti rí Gẹ̀lẹ̀dé ti dópin ìran. Kétu kò jìnnà sí wa rárá, Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnu ọ̀nà odi ìlú àtijọ́, sì wà níbẹ̀ fún wíwò. Àlejò tó bá kúrò ní Abẹ́òkúta láàárọ̀ lè rí gbogbo rẹ̀ láàrin ọjọ́ méjì, bí ọ̀nà bá wà.

Dangote ti fi kọnkéré ṣe ọ̀nà láti Ìtórì dé Ìbèsè, ó sì ń gbé tírélà. Ní 2019, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò kan kalẹ̀ tí ilé iṣẹ́ ńlá fi lè ṣe ọ̀nà kí wọ́n sì yọ owó rẹ̀ kúrò nínú owó orí tí wọ́n máa san. Ẹ̀bẹ̀ mi sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn àti àwọn aṣòfin wa ni pé kí wọ́n fi irú ètò bẹ́ẹ̀ fa kọnkéré náà láti Ìbèsè gba Ayétòrò wá sí Ìmẹ̀kọ títí dé ibodè. Ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ń wú òkúta rẹ̀. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, màá tún pe ẹbí ìyàwó mi.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìmẹ̀kọ, Ìpínlẹ̀ Ògùn.