Lẹ́tà sí Àjọkẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ìtànṣán

Ìbàdàn

Àjọkẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú òtútù Manchester. Bàbá Tádé ńkọ́? Ṣé àwọn ọmọ ò yọ ọ́ lẹ́nu jù? Àlàáfíà la wà níbí, a dúpẹ́. Ìyá mi ní kí n kí ọ, wọ́n ní àwọn ṣì ń retí fótò tí o ṣèlérí.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní wọ́n fẹ́ gbé ọ kúrò ní wọ́ọ̀dù lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú iṣan ọkàn, níbi tí X-ray ti ń ṣiṣẹ́ bí dókítà ṣe ń ti wáyà gba inú iṣan lọ. O ní ẹ̀rù ń bà ọ́, torí ẹ̀yin méjèèjì ṣì ń retí ọmọ kan sí i. O wá ní kí èmi tí mo ń ṣe alámòójútó ìtànṣán nílé ìwòsàn sọ ojú abẹ níkòó fún ọ.

Gba iṣẹ́ náà. Lóòótọ́ ìtànṣán kò lóòórùn, kò láwọ̀, kì í sì í ta ni lára, ṣùgbọ́n ó ṣe é wọ̀n. Ìwọ̀n tí òfin fàyè gbà fún òṣìṣẹ́ bíi tiwa kò ju 20 millisievert (òṣùwọ̀n ìtànṣán tó wọ ara) lọ lọ́dún lọ́dọ̀ yín. Ti ará ìta jẹ́ 1, láìka ti ìwòsàn àti ti àdáyébá. Ilẹ̀ tí à ń tẹ̀, oúnjẹ tí à ń jẹ àti ojú ọ̀run pàápàá ń fún olúkúlùkù ní nǹkan bíi 2 sí 3 lọ́dún, bí a bá pín in káàkiri ayé. Nọ́ọ̀sì tó bá ń ṣe é bó ṣe yẹ nínú irú yàrá yẹn kì í sábà sún mọ́ 20 rárá.

Ara aláìsàn ni ìtànṣán ti máa ń fọ́n ká wá bá yín. Nítorí náà, ìgbésẹ̀ kan sẹ́yìn kì í ṣe nǹkan kékeré. Bí o bá wà ní mítà kan sí i, tí o sún dé mítà méjì, ohun tó ń kàn ọ́ á já wálẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí o bá ti gbé ohun tí dókítà béèrè fún un tán, sún sẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìtànṣán ti ń jáde nínú ẹ̀rọ ló le jù, má fi ibẹ̀ ṣe ibùdúró. Tí wọ́n bá fẹ́ ya àwòrán tó pẹ́, bọ́ sẹ́yìn gíláàsì olójé tó ń dí ìtànṣán.

Wọ́n á fún ọ ní bájì tó ń wọn ìtànṣán tó kàn ọ́. Abẹ́ aṣọ òjé ni kí o há a sí, láàárín ọrùn sí ìbàdí. Nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, wọ́n sábà máa ń fi ìkejì há ọrùn lókè aṣọ òjé, torí ojú. Bí wọn ò bá fún ọ, béèrè. Má sì fi í sílẹ̀ lára aṣọ nígbà tí o bá ń lọ ilé. Èsì bájì ẹnì kan dé lọ́dọ̀ wa nígbà kan, iye tó wà níbẹ̀ ga débi pé àyà mi já. Mo lọ bá obìnrin náà, ó ní Ìlọrin lòun wà ní gbogbo àsìkò yẹn, òun gba ìsinmi. Bájì ńkọ́? Ó há a mọ́ aṣọ òjé tó fi kọ́ sínú yàrá X-ray, gbogbo aláìsàn tí wọ́n yà ni ìtànṣán wọn ń kàn án. Ìyẹn ṣì sàn. Èyí tí kì í jẹ́ kí n sùn ni ti dókítà tó ń ti tirẹ̀ mọ́ inú dúrọ́ọ̀, kí iye rẹ̀ má baà ga kí wọ́n sì ní kó sinmi. Bájì á ní kò sí nǹkan, ara á sì ti gbà á.

Aṣọ òjé náà, orí hángà ni kó máa wà. Ẹ má ká a. A máa ń tẹ́ tiwa sábẹ́ ẹ̀rọ lọ́dọọdún láti wò ó bóyá ó ti sán. Ọ̀kan wà tí ẹnikẹ́ni á pè ní tuntun, kò sí ìdọ̀tí, ìdè rẹ̀ pé. Nígbà tí a wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ, ìlà kan là á já níbi ikùn, ibi tí wọ́n ti máa ń ká a gan-an. Mo fi máàkà kọ ọ́ lára, mo gbé e kúrò.

Ọ̀rọ̀ oyún ló ká mi lára jù nínú lẹ́tà rẹ. Èmi àti ìwọ mọ̀ pé a kì í kéde oyún nílẹ̀ wa. Láìpẹ́ yìí, ìyàwó ilé kan gbé ọmọ wá fún X-ray àyà, ìyá ọkọ rẹ̀ sì bá a wá. Ọmọ náà ń jà, ó di dandan kí ẹnì kan dì í mú. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kò sí oyún?” Ó wo ìyá ọkọ rẹ̀, ó wolẹ̀. Mo fa á sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ló ti sọ pé òun ò tíì rí nǹkan oṣù òun. Ìyá àgbà la wọ aṣọ òjé fún, àwọn ló di ọmọ mú. A kò sọ ìdí fún wọn.

Nítorí náà, bí tìẹ bá dúró, má retí kí ikùn yọ. Kọ ọ́ sínú ìwé fún ọ̀gá rẹ lọ́jọ́ tí o bá ti mọ̀. Lábẹ́ òfin 2017 tó de iṣẹ́ ìtànṣán lọ́dọ̀ yín, ìwé yẹn ló ń dá ààbò ọmọ sílẹ̀: ohun tó máa kan ọmọ láti ìgbà náà títí dọjọ́ ìbí kò gbọdọ̀ ju millisievert 1 lọ. Bí ẹnu rẹ bá dákẹ́, wọn ò mọ̀. Ìyá rẹ nílé kò ní láti gbọ́.

O bi mí bóyá iṣẹ́ yìí kò tíì sú mi. Ó máa ń rẹ̀ mí, pàápàá nígbà tí àwọn NNRA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó iṣẹ́ ìtànṣán ní Nàìjíríà, bá fẹ́ wá yẹ̀ wá wò. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbàgbé Goiânia ní Brazil, lọ́dún 1987. Ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ kan kó lọ síbòmíràn, wọ́n fi ẹ̀rọ kan tó ní caesium, èròjà tó ń tú ìtànṣán jáde, nínú sílẹ̀. Àwọn tó ń wá irin tú u, wọ́n tà á fún ọlọ́jà pàǹtí. Ìyẹ̀fun inú rẹ̀ ń tàn búlúù lóru, ló bá ń pín in fún ẹbí àti aládùúgbò. Ènìyàn mẹ́rin kú, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìyàwó ọlọ́jà náà ló fura, ó mú kí wọ́n gbé e sínú àpò, ó bá a wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ àwọn elétò ìlera. Òun náà kú. Kò sí dókítà kankan nínú àwọn mẹ́rin náà. Bí mo bá ń ka ẹ̀rọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àwọn kan ń ní mo ti le jù, àwọn ènìyàn yẹn ló ń wá sí mi lọ́kàn.

Tí o bá bẹ̀rẹ̀, béèrè ẹni tó ń mójú tó ìtànṣán níbẹ̀, lọ kí i kí iṣẹ́ tó wọ ara. Kí o wá kọ̀wé sọ fún mi ẹ̀gbẹ́ tábìlì tí wọ́n ní kí o máa dúró sí, àti bóyá bájì kan ni wọ́n fún ọ tàbí méjì. Bá mi kí Bàbá Tádé, kí o sì fi fótò tí ìyá mi ń retí ránṣẹ́.

Èmi ni tìẹ,
Mopélọ́lá