Àgbàlagbà Ni Iṣẹ́ Ìtàn Ìfẹ́ Bá Mu

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní àyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mo fi ọdún 33 ṣe. Ìwé ìtàn ìfẹ́ ni mò ń kọ báyìí. Mo ní àkókò tí mo ń jókòó sí i àti àkókò tí mo ń dìde níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ti ní nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé bí mo bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn, wọn a bi mí léèrè pé kí ni àgbàlagbà ń wá nínú ọ̀rọ̀ ọmọge àti ọmọkùnrin. Èsì mi ni pé àgbàlagbà tó ti ṣe iṣẹ́ mìíràn rí ni iṣẹ́ yìí bá mu jù lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Atẹ̀wé ni Samuel Richardson ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti pé ẹni ọdún 51 nígbà tí ó gbé ìwé ìtàn rẹ̀, Pamela, jáde ní ọdún 1740. Àwọn òǹtàwé ló bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe ìwé àpẹẹrẹ lẹ́tà fún àwọn tí kò mọ bí a ṣe ń kọ ọ́, ẹnu iṣẹ́ yẹn ló sì wà tí ìtàn ọmọ-ọ̀dọ̀ kan àti ọ̀gá rẹ̀ fi sọ sí i lọ́kàn. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé láti ọmọ ọdún 13 ni òun ti máa ń bá àwọn ọ̀dọ́bìnrin kọ èsì sí lẹ́tà olólùfẹ́ wọn. Ní ayé tiwa yìí, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ Shakespeare ni Mary Bly, tí ó ń fi orúkọ Eloisa James kọ ìwé ìtàn ìfẹ́. Kò fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí èkejì.

Ohun tí wọ́ọ̀dù kọ́ mi nípa ìfẹ́, n kò rò pé mo lè rí i kọ́ níbòmíràn. Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn tí mo kà nígbà èwe mi, ńṣe ni àwọn olólùfẹ́ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ké ewì. N kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn rí. Ohun tí mo máa ń gbọ́ ni, “Nọ́ọ̀sì, ṣé ó ti lo oògùn rẹ̀?” Mo rí àwọn ọkọ tó jókòó, tí wọ́n ń gé èékánná ìyàwó wọn níkọ̀ọ̀kan láìsọ ohunkóhun. Mo rí àwọn tọkọtaya tó ti ń jà bọ̀ láti ilé, tí ìjà náà kò sì tíì parí, síbẹ̀ tí wọn kò jẹ́ kí ọwọ́ ara wọn bọ́. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé kò sí aláìsàn mi kankan nínú ìwé mi, kò sì ní sí. Àṣírí tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ kì í ṣe ohun títà. Ohun tí mo mú kúrò níbẹ̀ ni bí ọwọ́ ṣe ń gbọ̀n, àti bí ènìyàn ṣe ń parọ́ fún ẹni tó fẹ́ràn pé kò rẹ òun rárá. Agbẹjọ́rò, olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ báńkì tó bá fẹ́ tọ ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidigidi nípa èyí.

Ọdún méjì ni mo fi kọ ìwé mi àkọ́kọ́, wọ́n sì dá a padà. Olóòtú tó kà á sọ pé ìjà tó wà láàrin olólùfẹ́ méjèèjì kò tó ìjà, nítorí bí wọ́n bá jókòó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ìtàn ti parí nìyẹn. Inú bí mi fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí mo tún un kà, mo rí i pé òótọ́ ló sọ. Nínú èyí tí mo tún kọ, obìnrin náà rí iṣẹ́ tí yóò gbé e lọ sí òkèèrè, ọkùnrin náà sì ní bàbá tí kò lè dá wà. Kò sí ẹni tó jẹ̀bi nínú wọn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò sì lè tú u. Àwọn kan ń fojú kéré irú ìwé yìí nítorí pé a ti mọ̀ pé ayọ̀ ni yóò fi parí. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro rẹ̀ wà, nítorí pé òǹkàwé ti mọ òpin, èmi sì gbọ́dọ̀ mú kí ẹ̀rù ṣì máa bà á.

Fún àwọn tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀: ìwé kékeré irú èyí tí Mills & Boon, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1908, ń tẹ̀ máa ń tó nǹkan bí ọ̀rọ̀ 50,000. Ẹni tó bá ń kọ ọ̀rọ̀ 500 lójúmọ́, ní ọjọ́ márùn-ún láàrin ọ̀sẹ̀, yóò parí àkọ́kọ́kọ rẹ̀ ní ogún ọ̀sẹ̀. Àtúnkọ ló ń pẹ́. Kí ó má tíì fi iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ sílẹ̀ o. Ilé iṣẹ́ tó bá sì ní kí òǹkọ̀wé kọ́kọ́ sanwó kí òun tó tẹ ìwé rẹ̀, oníbàárà ló ń wá.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo ní sí yín, Olóòtú, ni pé kí ẹ máa fi ìwé ìtàn ìfẹ́ sí ojú ewé tí ẹ ti ń ṣe àyẹ̀wò ìwé. N kò ní kí ẹ yìn wọ́n. Ẹ gbé wọn fún ẹni tí yóò kà wọ́n tinútinú, tí yóò sì bá wa wí níbi tó bá kù díẹ̀ káàtó, bí olóòtú ọjọ́sí ti bá mi wí.

Èmi ni,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì.