Lẹ́tà sí Àjàní lórí wáyà ẹ́ńjìnnì Land Cruiser

Houston, Texas

Àjàní ọ̀rẹ́ mi,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àlàáfíà ni àwa náà wà níbí, ooru nìkan ló ń bá wa fínra.

Mo ti gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo sì ti wo gbogbo fọ́tò náà. Inú mi dùn gan-an pé iṣẹ́ yìí bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni èèyàn ń rí oníbàárà tó máa ní kí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì 2F kúrò nínú Land Cruiser FJ60, kí wọ́n sì gbé ẹ́ńjìnnì V8 ti Chevrolet Tahoe 2004 sí i. O ní kí n ra odindi wáyà ẹ́ńjìnnì tuntun ránṣẹ́ láti ibí, tàbí kí n sọ fún ọ bóyá èyí tó bá ẹ́ńjìnnì wá ṣeé tún ṣe. Ìdáhùn mi ni pé kí o má rà á. Tún èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ ṣe.

Lóòótọ́, ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, tuntun la sábà máa ń rà. Àmọ́ owó iṣẹ́ ló fà á. Tí mo bá jókòó ti wáyà tòkunbọ̀ kan fún ọjọ́ méjì, owó tí oníbàárà máa san lórí ọjọ́ méjì yẹn á ju iye tuntun lọ. Kì í ṣe pé tuntun dára ju èyí tí General Motors (GM), àwọn tó ṣe Tahoe, fọwọ́ ara wọn ṣe. Rọ́bà tí wọ́n fi bo wáyà wọn ń fara da ooru tó tó 125°C. Tuntun tí wọ́n bá fi irú wáyà bẹ́ẹ̀ ṣe, tí wọ́n ń pè ní TXL, lè wọ $700 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a tó sọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn mìíràn wà tí kò tó $250, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ rọ́bà PVC lásán tí kò yẹ kó rí ooru tó kọjá nǹkan bí 80°C. Ìwọ ro V8 tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì Land Cruiser, nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Ìwó Road, lọ́sàn-án gangan.

Ohun mìíràn tún wà. Ẹni tó bá fẹ́ ra tuntun gbọ́dọ̀ sọ irú nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, irú gíà, bóyá kébù ló ń fa throttle (ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì) tàbí iná, àti bí wáyà ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó títí dé ibi tí brain box, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, máa jókòó. Tí ẹyọ kan bá yàtọ̀ nínú wọn, kò ní wọlé. Èmi lè dá a padà fún ẹni tó tà á níbí lọ́la. Ìwọ kò lè dá a padà láti Ìbàdàn.

Ohun tí mo kọ́kọ́ wò nínú fọ́tò rẹ ni sọ́kẹ́ẹ̀tì brain box méjèèjì, blue àti green. Wọ́n pé. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń yọ ẹ́ńjìnnì sábà máa ń gé, tí wọ́n bá sì ti gé e níbẹ̀, iṣẹ́ náà ti di méjì. Ohun tí fọ́tò kò lè fi hàn mí ni bí rọ́bà wáyà náà ṣe rí. Mú àwọn wáyà tó sún mọ́ páìpù èéfín, ní ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì àti lọ́nà sẹ́ńsọ̀ oxygen, kí o tẹ̀ wọ́n yípo ìka rẹ. Tó bá rọ̀, tó sì padà sípò, ó dára. Tó bá sán, tí o sì ń rí kọ́pà, pààrọ̀ ibẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló ti gan, tàbí tí o bá rí i lábẹ́ téèpù pé rewáyà kan ti já a so káàkiri, pè mí. Màá ra èyí tó dára ránṣẹ́, nítorí pé irú wáyà bẹ́ẹ̀ kò ní jẹ́ kí o sùn.

Tí o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ sórí tábìlì gígùn. Kọ orúkọ sára sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan kí o tó tú téèpù kankan: nọ́sù 1 títí dé 8, kọ́ìlì, àwọn sẹ́ńsọ̀ bíi crank, cam, MAF, knock, omi àti ọ́ìlì, títí kan throttle. Tí téèpù bá ti kúrò, gbogbo wọn á jọra lójú. Àwọ̀ mẹ́ta ni GM máa fi mú ọ lọ́nà. Pink ni iná tó ń wá tí o bá ṣí kọ́kọ́rọ́, orange ni iná bátìrì tí kì í lọ, dúdú ni earth. Nọ́sù àti kọ́ìlì 1, 3, 5, 7 ní fíúùsì tiwọn, 2, 4, 6, 8 ní tiwọn, 15 amps ni méjèèjì. Má ṣe kó wọn pọ̀ sórí fíúùsì kan.

Wáyà tí o kò bá fẹ́, má gé e. Tẹ̀lé e dé òpin, nítorí pé wáyà kan máa ń ya sí méjì tàbí mẹ́ta nínú téèpù. Tó bá ti dá ọ lójú, yọ píìnì rẹ̀ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì brain box, kí o fa gbogbo rẹ̀ jáde. Sẹ́ńsọ̀ oxygen méjì tó wà lẹ́yìn lè lọ, àwọn méjì iwájú gbọ́dọ̀ dúró. Ibi tí o bá sì ti so wáyà, kí ó jẹ́ lẹ́ẹ̀dì tí a yọ́ sí i àti rọ́bà tó ń súnkì tí iná bá kàn án. Ọ̀gá wa kò gbà fún wa rí pé ká yí wáyà pọ̀ ká fi téèpù wé e, òun ló jàre.

Ibi tí FJ60 yìí ti dùn mọ́ mi ni pé kábúrétọ̀ ló ń lò tẹ́lẹ̀. Kò ní brain box tirẹ̀ tó máa bá ti Tahoe jà. Ohun tí ẹ́ńjìnnì máa béèrè lọ́wọ́ mọ́tò kò pọ̀: iná bátìrì, iná kọ́kọ́rọ́, earth, fúẹ̀lì pọ́ǹpù, fáànù, iná check engine àti sọ́kẹ́ẹ̀tì OBD tí a ń ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ̀. Píìnì 16 ni bátìrì níbẹ̀, 4 àti 5 ni earth, 2 ni brain box fi ń sọ̀rọ̀. Má yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí dànù láé, nítorí ẹni tó máa tún mọ́tò náà ṣe lẹ́yìn rẹ. Pọ́ǹpù àtijọ́ kò lè gbé e, 58 psi ni agbára tí ẹ́ńjìnnì yìí ń fẹ́ kí epo fi wọlé, nítorí náà pọ́ǹpù oníná ni kí o wá. Fi ọkàn sí èyí: brain box ń fi iná pósítíìfù ránṣẹ́ sí relay (swíìṣì oníná) pọ́ǹpù, àmọ́ earth ló ń fi ránṣẹ́ sí relay fáànù. Tí o bá so méjèèjì bákan náà, ọ̀kan kò ní ṣiṣẹ́. Tahoe 2004 kò sì lo fáànù oníná, nítorí náà o máa fi píìnì tuntun sí sọ́kẹ́ẹ̀tì brain box, èmi náà á sì ṣí i nínú ètò rẹ̀.

Earth tó wà lẹ́yìn sílíńdà hẹ́ẹ̀dì, ha ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò níbẹ̀ kí irin mọ́ kedere, kí o sì fi wáyà tó nípọn so ẹ́ńjìnnì mọ́ ṣásì.

Ibi tí mo fẹ́ kí owó oníbàárà rẹ lọ gan-an ni brain box. GM ti fi ètò adènà olè sínú rẹ̀. Tí kò bá gbọ́ ohùn mọ́tò tí wọ́n ti yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì á tan, á sì kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Kò sí wáyà tuntun tó lè wo èyí sàn, bó ti wù kó wọ́n tó. Ètò kọ̀ǹpútà HP Tuners tàbí EFILive la fi ń pa á, a sì ní HP Tuners ní ṣọ́ọ̀bù. Tábìlì lásán ni mo ti lè ṣe é, kò dìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà níbí. Wo ẹni tó ń bọ̀ ní Houston, kí o fi brain box rán an. Àpótí kékeré tó ń darí throttle, tó wà lára ògiri iwájú Tahoe, àti pẹ́dà rẹ̀, tọ́jú wọn sọ́dọ̀, nítorí pé wọ́n gbọ́dọ̀ bá brain box náà mu. Tí wọn kò bá sí nínú ohun tí wọ́n kó wá, wá wọn ní ọjà pátì Ararọ̀mí tàbí Ladipo báyìí.

Ohun kan ṣoṣo ló ń kọ mí lóminú. Tí Tahoe yẹn bá jẹ́ 4WD (tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wà), sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ eré mọ́tò fún brain box wà lára transfer case GM, àpótí tó ń pín agbára fún táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, kò sí lára gíà 4L60-E fúnra rẹ̀. Transfer case Toyota ni wàá lò, kò sì ní i. Láìsí i, gíà kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó yí. Adaptor tó máa so gíà mọ́ transfer case wà níbí tó ní àyè sẹ́ńsọ̀ yẹn nínú. Lórí èyí náà ni kí oníbàárà náwó rẹ̀, dípò wáyà.

Fi fọ́tò ẹ̀yìn gíà náà ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lára brain box, ìwọ̀n táyà Land Cruiser àti iye eyín dífú rẹ̀, kí n lè fi wọ́n sínú ètò náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bá mi kí Màmá rẹ àti gbogbo ará ṣọ́ọ̀bù.

Èmi ni,
Àkànjí